Mò ń lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní Kingston, irú ọ̀rọ̀ wo làwọn ará Jàmáíkà ń sọ gan-an?

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Kingston ní Jàmáíkà, ìwé ti jáde, oṣù tó ń bọ̀ ni màá wọkọ̀ òfuurufú tí Ọlọ́run bá fẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bá ti sọ fún ló ń kígbe "ya mon" mọ́ mi létí, wọ́n á tún máa mi orí bíi pé orin ni mò ń lọ kọ níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ti lọ kó gbogbo fídíò TikTok jọ, ó ń kọ́ mi ní "wah gwaan" àti "irie" àtàwọn ọ̀rọ̀ kan tí mo fura sí pé èébú ni, torí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ti pè é tán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má da ara mi láàmú, pé kí n ṣáà máa sọ píjìn Nàìjíríà lọ, wọ́n á gbọ́.

Èyí tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ mọ̀, nínú ọkọ̀, lọ́jà, níbi iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa pe àgbà? Kí ni mi ò gbọdọ̀ fẹnu kàn? Mo mọ̀ pé òyìnbó ni wọ́n ń sọ ní ọsibítù ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ńkọ́? Ẹ dákun, ẹni tó bá ti bá wọn gbé rí ni kó dá mi lóhùn, fídíò ti sú mi jàre.

Bọ̀ọ̀dá_HalfWayTree

Àbúrò, o kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kó tura. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé "ya mon" yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ara ẹ̀wù tí wọ́n ń tà fáwọn òyìnbó tó wá gbafẹ́ létíkun ní Montego Bay àti Negril lo ti máa rí i. "Yeah man" lará ibí ń sọ, wọ́n á fà á díẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ fóbìnrin fọ́kùnrin, "man" inú ẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọkùnrin mọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni kíkí. Tí o bá wọ tásí, tí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tí o bá wọ ibi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń dúró de dókítà, "good morning" ni, sí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, bí o ò tiẹ̀ mọ ẹnì kankan níbẹ̀, wọ́n á sì jọ dá ẹ lóhùn. Ẹni tó bá wọlé tó lọ jókòó láìkí èèyàn, wọ́n á ní kò ní "manners", ọ̀rọ̀ yẹn sì wúwo lẹ́nu wọn gan-an, àwọn ìyá àgbà lè sọ ọ́ sí ẹ lójú. Tílẹ̀ bá sì ti ṣú, "good night" ni wọ́n fi ń kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé o, ẹ kú alẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ó dàárọ̀. Má rò pé wọ́n ń lé ẹ lọ sílé.

Àgbà obìnrin, fi "Miss" síwájú orúkọ tí wọ́n ń pè é, ì báà ti lọ́kọ ì báà ti lọ́mọọmọ: Miss Pearl, Miss Joy. Àgbà ọkùnrin, pàápàá ní ìgbèríko, "Maas" ni, Maas Joe. Tí o bá lọ pe àgbà lórúkọ gbẹrẹfu, wọ́n á ní o "facety", ìyẹn ni pé aláfojúdi ni ẹ́. "Wah gwaan" tí àbúrò ẹ ń kọ́ ẹ yẹn, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹgbẹ́ ẹ lo lè sọ ọ́ fún, tí wọ́n bá sì sọ ọ́ fún ẹ, "mi deh yah" lo máa fi dáhùn, mo wà. Má lọ bá mátírọ́ọ̀nù ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ kí o máa bi í pé wah gwaan o.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Route taxi lo máa máa wọ̀, pátákó nọ́ńbà rẹ̀ pupa, èyí tí kò níwèé àṣẹ ni wọ́n ń pè ní robot, kabúkabú nìyẹn. Ìjókòó ẹ̀yìn á ti kún, dírẹ́bà á tún rí ẹnì kan létí títì, á wẹ̀yìn, á ní "small up yuhself". Ara ẹ ló ní kí o kó jọ kí ìyá yẹn lè fi ìdajì ìdí jókòó. Má bínú, má sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé, gbé báàgì ẹ lé itan kí o sún. Tí o bá fẹ́ sọ̀, "one stop, driver" lo máa sọ. Tí o bá kígbe "ó wà o" bíi tinú danfo, gbogbo ọkọ̀ ló máa yíjú wò ẹ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹ, "likkle more" làwọn ọ̀dọ́ ń sọ, ó dìgbà díẹ̀ nìyẹn, àwọn àgbà á ní "walk good", wọ́n ń ṣàdúrà kí ọ̀nà dára fún ẹ ni, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n "soon come", hmm. Ẹni tó bá ní òun soon come kò tíì ní òun ń bọ̀ nísinsìnyí, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè di ọ̀la, ẹni tó fẹ́ wá tún ẹ̀rọ omi mi ṣe sọ ọ́ fún mi títí mo fi lọ wá ẹlòmíì. Ìwọ náà ṣáà ti gbé Nàìjíríà, o mọ "mò ń bọ̀" téèyàn ń sọ nígbà tó ń jáde lọ.

Baba_Gbogbo_Àṣà

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ, Yorùbá pọ́ńbélé lèdè yẹn. Wọ́n ń pe àkàrà ní akra. Wọ́n ń pòṣé. "Unu" tí wọ́n ń sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn yẹn, ẹ̀yin ni, wọ́n kàn gé e ni. Àwọn èèyàn wa ni wọ́n kó lọ, kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n máa sọ?

Akẹ́kọ̀ọ́_Èdè

Baba, ẹ rọra o 😂 Akra yẹn mo fún yín. Ṣùgbọ́n "unu" kì í ṣe tiwa, Igbo ló ni ín, "unu" ni Igbo ń pe ẹ̀yin títí dòní, òun náà ló di "una" nínú píjìn wa. Láàárín ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó kù nínú Pátọ́ọ̀sì, ìyẹn èdè tí wọ́n ń sọ ní Jàmáíkà yìí, tàwọn Àkán ló pọ̀ jù, àwọn tó wà ní Gánà lónìí. Anansi, aláǹtàakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí ìtàn rẹ̀ kún ẹnu àwọn ìyá àgbà ibẹ̀, bí a ṣe ń pa àlọ́ ìjàpá, Àkán ni. Ackee tí wọ́n ń sè mọ́ ẹja oníyọ̀, tó jẹ́ oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn, iṣin tiwa ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí Àkán ń pè é ni wọ́n ń pè é.

Àwa Yorùbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa pẹ́ kó tó dé. Ọdún 1838 lẹrú parí pátápátá ní Jàmáíkà, ẹ̀yìn ìyẹn, láàárín ọdún 1840 sí ọdún 1860 àti díẹ̀, ni wọ́n kó àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun gba Sàró àti erékùṣù St Helena wá sínú oko ìrèké. Ní agbègbè Westmoreland àti Hanover ní Jàmáíkà làwọn tiwa pọ̀ sí, Nàgó ni wọ́n ń pe ara wọn. Abúlé kan wà ní Westmoreland tí wọ́n ń pè ní Bẹ́kúta, ẹ ò nílò kí n sọ ibi tórúkọ yẹn ti wá, Wọlé Ṣóyínká náà ti kọ̀wé nípa ẹ̀. Ní Hanover wọ́n ń jó ijó kan tó ń jẹ́ Ettu fáwọn òkú ìdílé, páànù kẹrosíìnì wà lára ìlù tí wọ́n ń lù sí i, tí ẹnì kan bá sì jó dáadáa, ọbabìnrin ijó á fi ìborùn kọ́ ọ lọ́rùn, á tì í sẹ́yìn díẹ̀, ìyìn nìyẹn. Ẹni tó bá ti lọ òde ìnáwó rí nílẹ̀ yìí á mọ ohun tó ń wò.

Nọ́ọ̀sì, ní tìẹ, bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ ló máa yà ẹ́ lẹ́nu jù. Wọ́n á ní "a tief him tief it", jíjí ló jí i. Wọ́n á ní "tek knife cut it", fi ọ̀bẹ gé e. Ọmọdé kan "pickney", àwọn ọmọdé "di pickney dem". Ẹni tí kì í gbọ́ràn, etí ẹ̀ ló le, "hard ears". Omi ojú, "eye-water". Kò wá túmọ̀ sí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbé e o Baba, Igbo ń to ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Ewé ń tò ó bẹ́ẹ̀, Àkán náà ń tò ó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí píjìn wa fi máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ láti gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò ní ràn ẹ́ lọ́wọ́ láti sọ ọ́. Tí o bá ní o fẹ́ "chop", wọn ò ní mọ ohun tí o ń wí, "nyam" ni tiwọn.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé òyìnbó jákujàku ni. Tẹ́lẹ̀, ẹgba ni tíṣà fi ń lé e kúrò lẹ́nu ọmọ. Louise Bennett tí gbogbo wọn ń pè ní Miss Lou, tí wọ́n bí ní Kingston ní 1919, òun ló gbé e gorí ìtàgé àti sórí rédíò, tó ń fi kéwì, tó ń fi dẹ́rìn-ín pa wọ́n, nígbà tójú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé láti sọ ọ́. Nígbà tó kú ní 2006 ìjọba ló sin ín. Ní 2012 wọ́n gbé Májẹ̀mú Tuntun jáde ní Pátọ́ọ̀sì, síbẹ̀ àwọn kan bínú, wọ́n ní ó di yẹ̀yẹ́. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí, torí náà ẹni tó jẹ́ àlejò má lọ bá wọn dá sí i.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti ń ja ìjà ìtàn, ọmọ yìí ń lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ni o.

Ọmọ mi, èmi ò tíì dé Kingston ṣùgbọ́n àwọn ìyá Jàmáíkà ni mo bá ṣiṣẹ́ ní London láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé wá bá ẹ níbi iṣẹ́ tí wọ́n bá ti rí i pé èèyàn gidi ni ẹ́ ni "pardner". Àjọ ni! Olórí àjọ ni "banker", iye tí o ń dá ni "hand", tó bá kàn ẹ́ láti kó, "draw" ẹ nìyẹn. Gbogbo ará Jàmáíkà ló mọ̀ ọ́n, àwọn tó bá ọkọ̀ Windrush dé síbí ní 1948 àtàwọn tó tẹ̀lé wọn, owó pardner lọ̀pọ̀ nínú wọn fi sanwó ilé nígbà tí báǹkì ò dá wọn lóhùn. Ní Trinidad "susu" ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá létí ẹ ti gbọ́ èsúsú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó, má tètè wọ̀ ọ́, kọ́kọ́ mọ ẹni tí banker jẹ́. Wọ́n ń sá lọ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sá lọ ní Mushin.

Òṣé. Wọ́n ń pòṣé jù wá lọ, "kiss teeth" ni wọ́n ń pè é, wọ́n tiẹ̀ ń gé e kúrú kọ sórí WhatsApp, KMT, "kiss mi teeth". Òṣé kúkúrú wà, èyí tó gùn tó ọgbà wà. O ò gbọdọ̀ pa á sí aláìsàn, o ò gbọdọ̀ pa á níwájú ọ̀gá ẹ, kò sẹ́ni tó máa nílò ògbufọ̀.

"Bad mind", inú burúkú ni, ìlara. Wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀ bí a ṣe ń bẹ̀rù ayé, o máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Tí nọ́ọ̀sì kan bá bá ẹ sọ pé àwọn ará ibí "bad mind", ohun ńlá ló sọ fún ẹ o, gbọ́ ọ, dákẹ́, má bi í pé ta ni, torí "su-su" ló máa tẹ̀lé e, òfófó, wọ́n á sì ní ìwọ àlejò lo dá a sílẹ̀.

Èébú tó kù, gbogbo èyí tó bá ti parí sí "claat". Aṣọ nǹkan oṣù àti aṣọ ìnùdí ni wọ́n ń fi bú èèyàn níbẹ̀, ọmọdé ìlú London ti sọ ọ́ di àkọlé fídíò. Ní Jàmáíkà òfin wà fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀kọrọ̀ ní gbangba, ọlọ́pàá lè mú un, kóòtù á ní kó sanwó. Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lẹ́nu àbúrò ẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lẹ́nu obìnrin tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ní kó pa àwọn fídíò yẹn rẹ́ kíákíá.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Fídíò ti di ìdọ̀tí lójú mi báyìí, àbúrò mi ní òun ò mọ̀ pé aṣọ ni 😅 Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni wọ́ọ̀dù. Tí aláìsàn bá ń sọ ibi tó ń dùn ún, tí mo bá gbọ́ ọ sódì ńkọ́?

Àǹtí_Wọ́ọ̀dù

Mo ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ kí n tó kó wá sí Kánádà, ìbéèrè tó yẹ kí o kọ́kọ́ béèrè lo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè yìí.

"Mi have sugar", ìtọ̀ ṣúgà ni. "Mi have pressure", ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọn kì í pè é ní "high", pressure náà ti tó. "Fresh cold", ọ̀fìnkìn lásán. "Gas"... gas ni gbogbo nǹkan! Ẹ̀yìn ń dùn ún, gas ni. Èjìká ń dùn ún, gas ni. Àyà ń dùn ún, ó ní gas ni, ó ti mu átalẹ̀ sí i nílé kó tó wá. Èyí tó bá ní gas láyà, jọ̀ọ́, má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ṣe ECG, àyẹ̀wò ọkàn, fún un kíá.

"Run belly", ibẹ̀ làwa Yorùbá ti máa ń ṣìnà torí etí wa ti gbọ́ inú rírun. Inú rírun kọ́ o, ìgbẹ́ gbuuru ni. Inú rírun tiwa, "mi belly a hurt mi" tàbí "a gripe mi" ni wọ́n máa sọ.

Ibi tó wá dùn fún wa nìyí. "Foot" lẹ́nu wọn bẹ̀rẹ̀ láti itan títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, "hand" bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tiwa náà ni. Àwọn òyìnbó tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á máa wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, orúnkún ló ń dun ìyá náà. Ìwọ ṣáà ní kó fọwọ́ kan ibẹ̀ hàn ẹ́ kí o tó kọ ohunkóhun sínú fáìlì.

"Tea" wá ńkọ́. Ohun gbígbóná yòówù tí wọ́n bá mu láàárọ̀ ni tea, Milo tea ni, kòkó tea ni, ewé tea ni, wọ́n tún ní "fish tea", omi ẹja ni. Oúnjẹ àárọ̀ fúnra ẹ̀ gan-an wọ́n lè pè é ní tea. Tí o bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún ṣúgà láàárọ̀, tí o bi aláìsàn pé ṣó ti jẹun, á ní rárá, "mi only drink likkle tea". Ìyẹn lè jẹ́ Milo tó kún fún mílíìkì pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́ta. Bi í pé kí ló wà nínú ife, kí ló sì fi tì í.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "food". Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, kókò, dumpling, ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní food, ìrẹsì ò sí níbẹ̀. Tí o bá ní kí oní-sugar dín food kù, á dín iṣu kù lóòótọ́, á wá bu ìrẹsì gogoro.

Ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní cerasee, tí o bá rí i wàá rẹ́rìn-ín, ejìnrìn ni. Wọ́n ń sè é mu láti fi fọ inú, "washout", pàápàá fáwọn ọmọ kí iléèwé tó wọlé ní September. Bi oní-sugar léèrè bóyá ó ń mu ún, torí ejìnrìn máa ń fa ṣúgà wálẹ̀, tó bá wá pàdé oògùn tí dókítà fún un lọ́nà, ó lè dá a kú. Àwọn mìíràn ò ní sọ fún dókítà, wọ́n á sọ fún nọ́ọ̀sì tó bá ti kí wọn dáadáa.

Ẹ̀fọ́ callaloo wọn, tẹ̀tẹ̀ ni. Gungo peas, òtílí ni. Sorrel tí wọ́n ń mu lásìkò Kérésìmesì, zobo ni, wọ́n ń da átalẹ̀ sí i, àwọn àgbà ń da ọtí sí i. Ebi ò ní pa ẹ́.

Baba_Gbogbo_Àṣà

Iṣin, tẹ̀tẹ̀, òtílí, ejìnrìn, zobo. Ẹ sì ní kì í ṣe Yorùbá 😏

Akẹ́kọ̀ọ́_Èdè

Baba, ẹ̀fọ́ kì í sọ èdè.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá

Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o. Ìbéèrè kan péré ló kù: ṣé kí n gbìyànjú láti máa sọ ọ́ bíi tiwọn, àbí kí n fi sílẹ̀?

Bọ̀ọ̀dá_HalfWayTree

Fi sílẹ̀ ná. Máa sọ òyìnbó tìẹ jẹ́jẹ́, torí àwa náà máa ń sáré sọ̀rọ̀, wọn kì í gbọ́ ohùn wa dáadáa. Àwọn gan-an ló máa kọ́kọ́ ní kí o sọ nǹkan kan káwọn rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn lo lè sọ ọ́. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé "yuh good?", "mi good" ti tó. Mátírọ́ọ̀nù, "yes, Miss". Dé Kingston kí o kàn sí mi níbí, ìyàwó mi mọ ibi tí wọ́n ti ń yá yàrá tí kò jìnnà sọ́nà tásí.